Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, arákùnrin wa láti Ìbàdàn. Ẹ ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ yín ń bọ̀ ní Àgbádárìgì nínú oṣù kẹjọ láti fi ọ̀sẹ̀ kan tún ilé ìjọsìn àtijọ́ kan ṣe lódìkejì ọ̀sà. Ẹ ti ra ọ̀dà sílẹ̀, ẹ wá ń béèrè pé àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ló máa rẹ́ gbogbo ògiri náà tán. Bí ògiri yẹn bá jẹ́ alámọ̀, èsì mi ni pé ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ rárá.

Ìkòròdú ni ìjọ tiwa wà. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ẹ̀pẹ́, mo ti bá wọn ṣe é ní Àgbádárìgì náà, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, bí oòrùn bá sì ta sí i, omi náà á gbẹ kúrò lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò ní jẹ́ kó gbẹ mọ́. Omi á há sáàárín, amọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lóde, ó le koko. A bá ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ti wá láti ìgboro ṣáájú wa, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí a fi òòlù kan ògiri náà, ṣe ló ń dún bí agbè òfìfo. Bí a ṣe ṣí igun kan báyìí, sìmẹ́ǹtì náà já wálẹ̀ gbàlàjà pẹ̀lú amọ̀ tó ti di ẹrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ikán ti gba abẹ́ ibẹ̀ gòkè lọ sínú igi òrùlé, ẹnì kankan ò sì rí i, torí funfun ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Àwọn ará ìjọ náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ apẹja, ló ń dá owó àtúnṣe àtúnṣe yẹn.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń tún amọ̀ ṣe. Ẹ wá bàbá kan ládùúgbò tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó, ẹ ò ní ṣàì rí ọ̀kan. Wọ́n á fi ibi tí wọ́n ti ń wa á hàn yín, wọ́n á ní kí ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ tí kò fẹ́ fọ àwo nílé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín nínú amọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, sìmẹ́ǹtì bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kó yanrìn etí òkun torí pé ọ̀fẹ́ ni. Iyọ̀ inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa, á máa hó funfun jáde lára ọ̀dà, irin tó bá sì wà nínú kọnkéré á dógùn-ún.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló wá ṣe pàtàkì jù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri kankan, ẹ rán ẹni méjì lọ ṣáájú nínú oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ gidi. Kí wọ́n dúró sínú ilé náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí wọ́n sàmì sí gbogbo ibi tí omi bá ti ń kán. Lọ́pọ̀ ìgbà, páànù kọ́ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ní etíkun, ìṣó ni. Atẹ́gùn oníyọ̀ á jẹ orí ìṣó, ihò ìdí rẹ̀ á fẹ̀, omi á máa gba ibẹ̀ kán sórí igi. A ti rí ilé tó jẹ́ pé ìṣó tuntun àti páànù díẹ̀ ló fẹ́, tí wọ́n sì ti ń bẹ́bẹ̀ owó òrùlé odindi káàkiri. Bó bá di dandan pé kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ ra páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 0.55, ẹ má ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ ra ìṣó tí wọ́n ṣe fún un pẹ̀lú, èyí tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Ìṣó irin lásán àti alumíníọ̀mù kì í gbé pọ̀ níbi tí omi iyọ̀ bá wà: ibi tí wọ́n ti kan ara wọn ni páànù á ti máa jẹrà.

Tó bá jẹ́ asbestos àtijọ́ ni wọ́n fi bo ilé náà, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ má gbá eruku rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, àìsàn tó ń fà sì lè pẹ́ ju 20 ọdún lọ kó tó fara hàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbà, omi ni wọ́n á kọ́kọ́ fi rin ín, odindi ni wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́ kankan ò sì gbọdọ̀ gun òrùlé. Pásítọ̀ yín á ní àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí lágbára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi tí ikán ti jẹ ò mọ alágbára. Ẹ gba káfíńtà ìlú náà, kí ẹ sanwó rẹ̀ pé. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún oníṣẹ́, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ máa fi ọ̀fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ẹ ní ẹ wá ràn lọ́wọ́? Tí òrùlé bá tún jò lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà ni wọ́n máa pè, ẹ̀yin ti wà ní Ìbàdàn.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ tiyín wà: gọ́tà yí ilé ká, kí omi òrùlé má bàa máa ta sí ìdí ògiri. Ẹ gbẹ́ ẹ kó dagun kúrò lára ilé. Ṣùgbọ́n kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ bi bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ pé ibo ni ibojì wà, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní òkúta lórí. Níbì kan, ìyá àgbà kan tó ti jókòó wò wá láti àárọ̀ kàn dìde ni, wọ́n wá dúró gan-an síbi tí àwọn ọmọ ń gbẹ́ bọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọkọ wọn ló wà níbẹ̀. A yí gọ́tà.

Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Ògù, èdè àwọn ará Àgbádárìgì, dání, tàbí kí ẹ bẹ ọ̀dọ́ ìjọ wọn kó máa túmọ̀. Ẹ sì rọra pẹ̀lú ìwàásù. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kí ìyìn rere tó dé Ìbàdàn yín. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ibi tí igi Àgíà, igi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere lábẹ́ rẹ̀, wà kó tó wó ní 1959, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ti ìjọ Áńgílíkà, kọ́ ní 1845, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tó fún ìyẹn. Tí ilé tí ẹ fẹ́ tún ṣe bá wà lára èyí tí ìjọba àpapọ̀ kà sí ohun ìrántí, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kan ìṣó kan mọ́ ọn.

Oṣù kẹjọ tí ẹ mú yẹn ò dùn mọ́ mi. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà lóòótọ́, àmọ́ ẹ má gbára lé e, amọ̀ tútù ò ní gbẹ. Ìsinmi Kérésìmesì ló dáa, ọyẹ́ á bá yín gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá máa fi ọkọ̀ ojú omi kó sìmẹ́ǹtì, ẹ fi tapólì wé e lókè nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó.

Ní ti ọ̀dà, bó bá jẹ́ olóròóró, ẹ fi kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ bẹ ẹni tó tà á fún yín kó gbà á padà, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra ìṣó. Kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ ya fọ́tò ibi tí igi òrùlé ti gbé lé ògiri, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.