Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: «Bóòtù 17» Kò Tíì Sọ Nǹkan Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo sọ ẹ́ńjìnì Camry Muscle kalẹ̀ (2AZ-FE, 2.4), mo sì fẹ́ gbé e kọ́ sórí sítáǹdì. Sítáǹdì náà kò bá bóòtù wá. Mo ní kí ọlọ́jà fún mi ní bóòtù 17 mẹ́rin tó gùn. Méjì wọlé dáadáa, ọ̀kan ń mì jìgìjìgì nínú ihò, ìkẹrin kò kọjá eyín méjì tó fi há. Kí ló fà á? — Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

ÈSÌ: Sípánà ló ń jẹ́ 17, bóòtù kọ́. Bóòtù tó nípọn mm 12, irú èyí tí wọ́n ń lò sára ọkọ̀ Japan, orí 17 ló sábà máa ń ní. Bóòtù mm 10 tí wọ́n ṣe ní ìlànà DIN ti Jámánì, orí 17 náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè «17» lè gba méjèèjì nínú ọ̀rá kan ṣoṣo, kí ọlọ́jà má sì purọ́ rárá. Èyí tó ń mì nínú ihò yín, ó jọ M10, ìyẹn bóòtù tó nípọn mm 10. Èyí tó há, M12 ni, àmọ́ eyín rẹ̀ ni kò bá ti ihò mu.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ihò tó pọ̀ jù níbi tí gíábọ́ọ̀sì ti ń so mọ́ ẹ́ńjìnì Toyota, níbi tí apá sítáǹdì náà máa so mọ́, jẹ́ M12 × 1.25, ìyẹn ni pé láti eyín kan sí èkejì jẹ́ mm 1.25. Bóòtù M12 tó kún ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin ìkọ́lé, 1.75 ni. Tí ẹ bá fi sípánà fipá wé e, bóòtù ò ní ṣẹ́. Alumíníọ̀mù inú ihò ló máa fà ya, búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì gangan) Camry yìí sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹ mú ọ̀kan lára bóòtù gíábọ́ọ̀sì tí ẹ tú dání lọ sọ́jà. Ẹ fi eyín rẹ̀ ti eyín èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí wọ́n bá wọ ara wọn tí ìmọ́lẹ̀ kò yọ láàárín, ó bára mu. Ẹ ṣọ́ra ṣá, ihò ara ẹ́ńjìnì kan náà lè má dọ́gba: ẹ lè bá M10 níbẹ̀. Torí náà ẹ dán ihò kọ̀ọ̀kan wò. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi wé e, ó kéré tán eyín mẹ́fà, kí sípánà tó dé ibẹ̀.

Ó ku gígùn. Ẹ wọn páìpù apá sítáǹdì tí bóòtù máa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fi ìnípọn wọ́ṣà kún un, ẹ wá fi èyí tó máa wọ inú ẹ́ńjìnì kún un. Nínú alumíníọ̀mù, kí ó wọlé tó ìlọ́po méjì ìnípọn bóòtù, ìyẹn mm 24 fún M12. Nínú búlọ́ọ̀kù onírin, mm 18 tó. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìṣó tín-ínrín wọn bí ihò ṣe jìn tó, kí bóòtù má ṣe kan ìsàlẹ̀. Ká ní páìpù jẹ́ mm 50, wọ́ṣà 3, ihò jìn ní mm 30. 50 + 3 + 24 jẹ́ 77. Bóòtù 80 ni kí ẹ rà: mm 27 á wọlé, mm 3 á ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ra 90 torí pé «èyí tó gùn ló lágbára», bóòtù rẹ̀ á kan ìsàlẹ̀, á dà bíi pé ó ti fún, bẹ́ẹ̀ apá sítáǹdì kò tíì lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Tó bá tún fipá wé e, búlọ́ọ̀kù lè là.

Nọ́ńbà tó ń sọ agbára bóòtù wà lórí rẹ̀: 8.8 tó, 10.9 náà dára. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ má fi gbé ẹ́ńjìnì.

Ẹ yọ fùláíwíìlì (àgbá irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì) kúrò, kí ẹ́ńjìnì ṣì wà lórí ṣéènì nígbà tí ẹ bá ń de apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ihò tó jìnnà síra wọn. Kí ojú ọ̀pá tí sítáǹdì fi ń yí bọ́ sí ọ̀gangan ojú kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì), tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fún bóòtù gbọin-gbọin. Bí ọ̀pá bá jìnnà sí ibi tí ìwúwo ẹ́ńjìnì wà, ọjọ́ tí ẹ bá yọ píìnì tó di sítáǹdì mú láti yí i, ẹ́ńjìnì á já yí fúnra rẹ̀, ọwọ́ tó bá sì wà lọ́nà á gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Bóòtù mi gùn jù. Ṣé mo lè to nọ́ọ̀tì sí i lọ́rùn kó dí àyè tó kù? — Ọmọṣẹ́, Abẹ́òkúta

ÈSÌ: Rárá. Ojú nọ́ọ̀tì kì í tẹ́ pẹrẹsẹ tán. Tí ẹ bá to mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á máa yẹ̀, bóòtù á sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tánà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) gé páìpù onírin líle mẹ́rin tí gígùn wọn dọ́gba, kó fá ojú méjèèjì kó tẹ́. Àbí kẹ́ ẹ kúkú ra bóòtù tó kúrú, ìyẹn ló wọ́n kéré jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́ńjìnì Chevrolet 350 àtijọ́ ni mo ń tún ṣe ní Houston. Ṣé M10 lè wọ ihò ẹ̀yìn rẹ̀? — Ọmọ Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè

ÈSÌ: Kò lè wọ̀ ọ́ láìba ihò jẹ́. Íǹṣì 3/8 ni ihò yẹn, eyín 16 nínú íǹṣì kan. 3/8 jẹ́ mm 9.5, M10 sì fẹjú jù ú lọ ní bíi ìdajì mìlímítà. Ẹ béèrè 3/8-16 Grade 5, tó ní ìlà mẹ́ta lórí, tàbí Grade 8, tó ní mẹ́fà. Búlọ́ọ̀kù onírin ni, torí náà kí bóòtù wọlé tó mm 14 ó kéré tán. Ẹ má yá bóòtù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní Ford 302 o: 7/16-14 ni tiyẹn.