Ọ̀nà méjì tó lọ sí ìdíje Áfíríkà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ní sáà 2024/25, Remo Stars ló gba líìgì bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ mo gbọ́ pé Kwara United náà ní ẹ̀tọ́ láti ṣojú Nàìjíríà nílẹ̀ Áfíríkà. Báwo ló ṣe jẹ́? Kí sì ni ti Sunshine Stars wa? (Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìdíje méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní líìgì àgbà, ogún ẹgbẹ́ ló ń pàdé ara wọn nílé àti lẹ́yìn odi, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba ife-ẹ̀yẹ wọn àkọ́kọ́. Ife-ẹ̀yẹ Ààrẹ (President Federation Cup) ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ kéékèèké ti lè kojú ẹgbẹ́ ńlá, kí àwọn tó bá dé àṣekágbá ti ìpínlẹ̀ tó lọ ṣojú ìpínlẹ̀ wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà 2025, ní Oníkan, ní Èkó, Abakaliki FC tó wá láti ìpele kejì bá Kwara United ta ọ̀mì 1-1, àfi ìgbà tí pẹnáritì tó là wọ́n, tí Kwara United sì borí 4-3. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife yìí máa ń lọ sí Confederation Cup, ọ̀kan lára ìdíje ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà.

Ní ti Sunshine Stars, ó dùn wá gan-an: wọ́n wà lára mẹ́rin tó já bọ́ ní ìparí sáà náà sí National League, ìyẹn líìgì ìpele kejì. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti lè là á gòkè, bí Ikorodu City ti ṣe ní 2024.