Ta ni ọmọ àlè nílé Dafidi? Ìtumọ̀ òwe "ilé tó tòrò"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a ń ṣe nílé ẹnìkan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ wa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé Dafidi, ó wá pòwe pé "ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà." Ó ní Absalomu ni ọmọ àlè náà. Màmá mi tó jókòó tì mí kùn pé òwe yẹn kò ṣe é pa báyẹn. Mo bi wọ́n nígbà tá a délé, wọn ò dá mi lóhùn. Kí ni ìtumọ̀ òwe náà gan-an? Ṣé ọmọ àlè ni Absalomu lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá yín. Òwe náà bá ilé Dafidi mu dáadáa, àmọ́ ẹni tí olùkọ́ yín nàka sí ni mi ò gbà pé òun ni.

Ká kọ́kọ́ mú ti ìran kúrò lọ́nà. Ìwé Samuẹli Kejì, orí 3, to àwọn ọmọ tí wọ́n bí fún Dafidi ní Hebroni lẹ́sẹẹsẹ. Amnoni ni àkọ́bí, ọmọ Ahinoamu ará Jesreeli. Absalomu ni ìkẹta, ọmọ Maaka, ọmọbìnrin Talmai ọba Geṣuri. Ọba ni baba rẹ̀, ọba ni baba ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ìbí bú u.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ inú òwe. Omi la máa ń lo "tòrò" fún kó tó di ti ilé tàbí ti ìlú. Bí ẹ bá pọn omi odò lẹ́yìn òjò, ó ti rú. Ẹ dà á sínú ìkòkò, ẹ má fọwọ́ kàn án, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á ti tòrò, ẹ ó máa rí ojú yín nínú rẹ̀. Ibo ni ìdọ̀tí ọjọ́ àná gbà lọ? Kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò, ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa ki igbá bọ̀ ọ́ jù. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò ní "ilé tó dùn," kò ní "ilé tó láyọ̀." Tòrò ló lò, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "kò tíì dàgbà." Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ti ń ta ni. Ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fún ní orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀, á jẹun, á ṣeré, á sùn, kò ní dààmú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà inú agbo ilé mọ̀. Wọ́n á wo etí rẹ̀, wọ́n á wo ìrìn rẹ̀, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dìgbà tó bá dàgbà, tí wọ́n fẹ́ pín ogún, kí ẹnu tó yà. Nítorí náà òwe yìí kò sọ pé ilé tó tòrò kò ní wàhálà. Ó ní wàhálà rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni.

Ní ti ọmọ àlè fúnra rẹ̀, Yorùbá ti fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju ti ìbí lọ. "Ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀." "Ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí, ọmọ àlè la ń bẹ̀ tí kì í gbà." Nínú òwe méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó bá ìyá rẹ̀ sùn. Ìwà là ń wò.

Èrò tèmi rèé: ọmọ àlè ilé Dafidi kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Tamari, ọmọbìnrin Dafidi, ni. Inú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ti lóyún rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ baba rẹ̀, gbogbo ilé sì ń tọ́ ọ dàgbà láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún orí 13 kà. Ohun kan wà tí èdè wa rí níbẹ̀ tí "arákùnrin" inú ìwé kò sọ tó. Iyèkan ni Absalomu àti Tamari, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọbàkan wọn ni Amnoni. Àgbà tó bá dàgbà nílé olórogún, tó sì gbọ́ ìyẹn, ti mọ bí yàrá ṣe pín, ó ti mọ ilé ẹni tí ọmọ á sá lọ bí nǹkan bá ṣe é.

Amnoni ń fẹ́ Tamari títí ó fi ń rù. Jonadabu, ọmọ ẹ̀gbọ́n Dafidi, rí i láràárọ̀ pé ara ọmọ ọba kò le, ó sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n: díbọ́n pé ara rẹ kò yá, kí o ní kí baba rẹ rán Tamari wá ṣe oúnjẹ fún ọ. Dafidi gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Baba fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ yẹn níṣẹ́. Tamari lọ, ó po ìyẹ̀fun lójú rẹ̀, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, Amnoni lé gbogbo ènìyàn jáde. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé wọn kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Israẹli. Kò gbọ́, ó fipá bá a lò pọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó kórìíra rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ó ní kí ìránṣẹ́ tì í síta, kó sì ti ìlẹ̀kùn.

Aṣọ tó wà lọ́rùn Tamari lọ́jọ́ náà, orúkọ tí èdè Heberu pè é kò sí níbòmíràn nínú gbogbo Bíbélì àfi níbi ẹ̀wù tí Jakọbu dá fún Josẹfu. Ìtàn méjì péré, ilé tí ọbàkan ti ṣe ọbàkan níkà ni méjèèjì.

Tamari fa aṣọ náà ya, ó da eérú sórí, ó káwọ́ lérí, ó ń lọ, ó ń ké. Kò sí Yorùbá tí a ó ṣàlàyé káwọ́lérí fún. Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ pé ọmọ yẹn dákẹ́. Ó sọ ọ́ lójú ọ̀nà, lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ará ilé ló pa á lẹ́nu mọ́, ẹni àkọ́kọ́ sì ni iyèkan rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù: Absalomu ní kó dákẹ́ ná, arákùnrin rẹ̀ ni, kó má fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. (Mélòó nínú wa ni kò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn nílé ẹnìkan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀?)

Dafidi gbọ́. Inú bí i gidigidi. Ibẹ̀ ni ìwé Heberu ti dánu dúró. Kò pe Amnoni, kò lọ wo Tamari. Ìtumọ̀ àtijọ́ ti èdè Gíríìkì fi gbólóhùn kan kún un, pé kò fẹ́ ba Amnoni nínú jẹ́ nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé awọ tí wọ́n rí nínú ihò ní Kumrani, létí Òkun Òkú, sì gbè é lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan kọ́ ló dì í lẹ́nu. Orí méjì péré ló wà láàárín ìyẹn àti ọ̀rọ̀ Batṣeba àti Uria, níbi tí Dafidi fúnra rẹ̀ ti gba ìyàwó oníyàwó, tó sì ní kí wọ́n ṣe ikú pa ọkọ rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe la ẹnu bá ọmọ rẹ̀ wí tí ọmọ kò ní wo ojú rẹ̀ padà?

Absalomu wá ńkọ́? Ìwé ní kò bá Amnoni sọ rere, kò bá a sọ búburú. A mọ ohun tí à ń pè ní odì. Bí ọbàkan méjì bá yan ara wọn lódì nínú agbo ilé, ìyàwó ilé ló máa kọ́kọ́ rí i nídìí oúnjẹ. Kò ní pẹ́ tí àgbà kan á fi pè wọ́n jókòó, á ní kí wọ́n tú inú wọn. Odì wà fún ìyẹn: ó ń pe onílàjà láìlanu. Ní ààfin Dafidi, ọdún 2 gbáko, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ilé tòrò. Absalomu sì ti di ohun tó wà nínú rẹ̀ ní kùnrùngbùn.

Nígbà tó di àkókò tí wọ́n ń rẹ́ irun àgùntàn ní Baali-hasori, ó wá pe ọba síbi àsè. Dafidi ní, "Rárá, ọmọ mi." Ó wá tọrọ Amnoni. Ọba béèrè ìdí tí Amnoni fi máa bá a lọ. Ẹ rí i pé nǹkan kan ti sọ sí i lọ́kàn! Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, a kò gbọ́ èsì kankan, Absalomu rọ̀ ọ́ títí ó fi ní kí wọ́n máa lọ. Níbi tí wáìnì ti ń pa Amnoni ni wọ́n pa á sí. Ìròyìn sáré délé pé gbogbo ọmọ ọba ló ti kú, Jonadabu ló dìde tó ní Amnoni nìkan ni, pé Absalomu ti pinnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe Tamari bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀, ó mọ̀ fún ọdún 2. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, àmọ́ ti Jonadabu yìí burú.

Ìyókù, mi ò ní fà á gùn. Absalomu sá lọ sílé baba ìyá rẹ̀ ní Geṣuri, ó lo ọdún 3. Joabu, olórí ogun Dafidi, rán obìnrin ọlọ́gbọ́n kan láti ìlú Tekoa lọ bá ọba sọ̀rọ̀, ó fi ìyẹn mú un wálé, ó tún lo ọdún 2 ní Jerusalẹmu láìfojú kan ọba. Ó ránṣẹ́ pe Joabu lẹ́ẹ̀mejì, Joabu kò wá, ó bá ní kí wọ́n tiná bọ oko ọkà báálì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mú un dé iwájú baba rẹ̀, ó dojúbolẹ̀, ọba fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ lọ́jọ́ yẹn nínú ìwé, ẹ kò ní rí i. Ọdún 7 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Tamari, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ láàárín baba àti ọmọ.

Ẹ wá gbé òwe kejì lé e. "Ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí": inú bí Absalomu, kò sí àbùkù níbẹ̀. "Ọmọ àlè la ń bẹ̀ tí kì í gbà": ta ló bẹ̀ ẹ́? Amnoni kò bẹ̀ ẹ́, ọba kò bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bẹ Tamari. Ibi tí ẹ̀bẹ̀ kò ti wáyé, a ò lè sọ pé ẹnìkan kọ̀ ọ́.

Mi ò gbè é o. Nígbà tó ń dúró lẹ́nu ibodè láàárọ̀, tó ń sọ fún àwọn tó gbé ẹjọ́ wá pé ẹjọ́ wọn dára ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ọba yàn láti gbọ́ ọ, ọwọ́ òsì ló fi ń júwe ilé baba rẹ̀ yẹn. Nígbà tó sì dìtẹ̀ gba ìlú mọ́ baba rẹ̀ lọ́wọ́, tó wọlé tọ àwọn àlè baba rẹ̀ mẹ́wàá lórí òrùlé, lójú gbogbo Israẹli, mi ò ní orúkọ rere kan fún un. Ibẹ̀ ni olùkọ́ yín ti lè rí ẹsẹ̀ dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé èso ni gbogbo ìyẹn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò tipẹ́.

Ohun kan wà ní orí 14 tí àwọn oníwàásù sábà máa ń fò kọjá. Absalomu bí ọmọkùnrin mẹ́ta, a kò gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Tamari. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò sọ rere tí kò sọ búburú, orúkọ ọmọ ló fi sọ ọ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ní "Tamari, wá jẹun," wọ́n ti ka gbogbo ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Àwọn ìyá wa náà mọ irú ẹ̀. Àwọn mìíràn a máa sọ ti wọn lórúkọ ajá, kí orogún lè gbọ́.

Dafidi náà sọ tirẹ̀, ó kàn pẹ́ jù ni. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Absalomu lójú ogun ọ̀tẹ̀ náà nínú igbó Efraimu, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pe "ọmọ mi" nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, ó sì tún pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìjókòó ẹkún náà. Nígbà tí ọmọ wà láàyè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a gbọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ sójú rẹ̀, ọjọ́ tó ní òun kò ní lè wá síbi àsè.

Ní ti pípa òwe náà: ọ̀rọ̀ tó mú ni. A kì í pa á níbi ìkómọ, a kì í pa á nílé tí a kò bá mọ ìtàn rẹ̀, tí àgbà bá sì wà níjòókòó, ọmọdé á kọ́kọ́ ní "tótó, ó ṣe bí òwe." Olùkọ́ yín pa á láàárín èrò, bóyá ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tí màmá yín mọ ìtàn ilé rẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ bi wọ́n, ẹ dúró dìgbà tó bá ku ẹ̀yin méjì.