Ta ló máa bomi rin ín ní January?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ kan ládùúgbò yín ṣe ọgbà ìrántí fáwọn tẹ́ ẹ pàdánù, kí òdòdó wà níbẹ̀, kí oyin àti labalábá máa wá, káwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ráyè jókòó kí ara tù wọ́n, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. A ti ṣe irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa n'Ìbàdàn. A ṣe é, ó bàjẹ́, a tún un ṣe, ó tún bàjẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá dúró. Torí náà kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó wa àti ẹ̀yìn ríro ló bá a lọ.

Tiwa, ẹ̀kún omi 26 August 2011 ló fà á. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ààwẹ̀ ku bí ọjọ́ mẹ́rin kó tán, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ ìṣínu kaná nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Mílímítà 187.5 ni wọ́n wọ̀n pé ó rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn. Afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ilé lọ, mọ́tò lọ, àwọn tó kú nílùú lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbà tó rí Omíyalé Ògùnpa ti 31 August 1980 ní àwọn ti rò pé àwọn ò tún ní rí irú ẹ̀ láyé àwọn mọ́. Lójú títì tiwa, èèyàn méje ni omi gbé, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, àbúrò mi obìnrin sì wà níbẹ̀.

Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Àgbàlagbà kú, à ń ra aṣọ ẹbí, à ń pa màlúù, à ń jó. Ọmọdé kú, ọ̀fọ̀ ni, wọ́n á sáré gbé e sin, wọn ò ní jẹ́ kí ìyá rójú oórì, wọ́n á ní kó nu ojú ẹ̀ nù, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó tán nìyẹn. Kò síbi tí ìyá yẹn fẹ́ lọ tó bá rántí ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣá. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n tún afárá kékeré àdúgbò wa ṣe tán, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ dúró lórí ẹ̀, á gbọ́wọ́ lé irin, á máa wo omi, ó tó ọdún mẹ́ta gbáko, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Torí irú ìyá yẹn la ṣe dá ọgbà sílẹ̀, kì í ṣe pé òdòdó ń wù wá.

Àmọ́ ẹ wo ohun tá a kọ́kọ́ ṣe. A dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, a lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, a ra masquerade tree méjìlá, igi tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé ẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ eégún, àti bougainvillea tó máa ń pupa lára ògiri, a fi interlock tẹ́ gbogbo ilẹ̀ tó kù, a gbẹ́ orúkọ àwọn méjèèje sára mábù, a pe àwọn èèyàn ńlá, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. June nìyẹn, òjò ń rọ̀, gbogbo nǹkan ń tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ máa dé, ká má parọ́, ìgbìmọ̀ wa ní alága, ó ní igbákejì alága, ó ní akọ̀wé, ó ní akápò, ó tiẹ̀ ní alukoro, kò ní ẹni tó ń bomi. Igi mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló gbẹ. Ìyá tí mò ń sọ yìí wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rí orúkọ ọmọ ẹ̀ lára mábù, ó fi gèlè bojú, ó pẹ̀yìn dà, kò wá mọ́. A ò bi í tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ronú pé ó yẹ ká bi í.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan, ẹ lọ bá àwọn tó lókùú nílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní mítìn o, torí ní mítìn ẹni tó lóhùn gooro ló máa sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tá a padà lọ béèrè bẹ́ẹ̀, ìdílé méjì péré ló fẹ́ orúkọ. Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa na ìka sí orúkọ ọmọ òun. Ẹnì kan ní ibi tí oòrùn ò ti ní pa òun lòun ṣáà fẹ́. Bàbá kan ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan tóun máa máa ṣe. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló là wá lójú. A yọ mábù kúrò, a fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ebè tiẹ̀, ohun tó wù wọ́n ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀.

Ibi tí oyin ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn, torí ohun tí wọ́n gbìn kì í ṣe ti àwọn ẹlẹ́bàá títì. Wọ́n gbin efinrin, wọ́n gbin ewúro, ewé ọbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Masquerade tree wa, tẹ́ ẹ bá jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́, oyin kan ò ní bà lé e. Bougainvillea náà, pupa yẹn kì í ṣe òdòdó, ewé ni, òdòdó gangan ò ju èyí tó rí bíńtín láàárín ẹ̀. Ṣùgbọ́n efinrin tó bá ti yọ orí, ẹ ò ní lè ka ohun tó ń fò lórí ẹ̀. Bá a ṣe máa ń ṣe tiwa ni pé a kì í gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a máa gé ìdajì lóṣù yìí, ká fi ìdajì sílẹ̀, kí tàwọn oyin má bàa tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mọ̀ríńgà náà dáa, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò.

Ewúro wá ni ọ̀gá. Gbogbo wa là ń já a jẹ, ìyẹn ni kì í jẹ́ ká rí òdòdó ẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ láìjá, nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan ti pọ́n tí ilẹ̀ ti là, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó funfun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń ta sánsán. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí ẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i, á máa kùn hùùù bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì. Ìyá àgbà kan lọ́dọ̀ wa ní ogójì ọdún lòun ti ń fi ewúro sebẹ̀, òun ò mọ̀ pé ó ń tan òdòdó.

Ẹ gbin ọsàn kan síbẹ̀ nítorí labalábá. Tẹ́ ẹ bá wá rí kòkòrò kan lórí ewé ẹ̀ tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á, òun ló ń di labalábá ńlá dúdú aláwọ̀ yẹ́lò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ labalábá àmọ́ tí ò fẹ́ kí nǹkankan jẹ ewé òun, kó lọ ra ti ike.

Jogbo náà, èyí tó máa ń yọ yẹ́lò bíi sunflower kéékèèké lẹ́bàá ọ̀nà tí òjò bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, oyin fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ wàhálà ni fún ẹni tó bá ní í lọ́gbà, ó máa gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Igun kan ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì gé e kó tó gbó.

Ti òrúrù nìkan ló yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan ti wà lórí ilẹ̀ yẹn ká tó dé, ẹ mọ̀ ọ́n, igi tó ń tan òdòdó pupa bí iná lókè. Gbogbo wa ń yìn ín. Lọ́jọ́ kan mo ṣa èyí tó já bọ́, mo ya inú ẹ̀, mo bá oyin kéékèèké dúdú mẹ́rin, irú èyí tí kì í ta èèyàn, wọ́n ti kú sínú omi yọ̀ọ́yọ̀ọ́ tó wà nínú ẹ̀. Mo tún ya òmíràn, mo bá méjì. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti gbé igi yẹn dé Brazil, àwọn tó ń sin oyin lọ́hùn-ún sì ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́, ìpínlẹ̀ Santa Catarina tiẹ̀ fòfin dè é pé kí wọ́n má gbìn ín mọ́. A ò gé tiwa, torí ẹyẹ ń mu nínú ẹ̀, àmọ́ a ò gbin òmíràn kún un.

Ewúrẹ́ nkọ́? Sunflower tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbìn, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. A ò lówó bíríkì. A gé pòpó bọ̀tújẹ̀ àti ti akòko, a rì í mọ́lẹ̀ yíká nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló hù. Ewúrẹ́ kì í fẹnu kan bọ̀tújẹ̀. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé gidigidi, èso ẹ̀ ní májèlé, dídùn tó dùn lẹ́nu ló fi burú.

Akòko yẹn dá wàhálà sílẹ̀ o. Pásítọ̀ kan ní igi òrìṣà ni, òun ò lè gbàdúrà níbi tó bá wà, wọ́n tún ní ká wú pèrègún tí bàbá kan gbìn. Bàbá àgbà kan wá bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé, pásítọ̀, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá joyè lọ́la, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n má fi ewé akòko sí yín létí? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Akòko dúró sínú ọgbà, a gbé pèrègún lọ sẹ́yìn. Àǹfààní ni ó sì jẹ́, torí tí pèrègún bá tanná, òru ló ń ṣí, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ọgbà, àfòpiná á bò ó. Ẹni tí ò rí oorun sùn lè lọ jókòó tì í, ẹni méjì ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni ẹnì kan.

Ìjókòó. Èyí tá a kọ́kọ́ ṣe, a kọjú ẹ̀ sí odò, torí pé ó rẹwà lójú wa. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé omi tó gbé ọmọ wọn lọ la ní kí wọ́n máa wò. A kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sódò, a kọjú ẹ̀ sí ewúro, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Oògùn koríko, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí mọ́. Ní 2016 a háyà ọmọkùnrin kan pé kó bá wa roko, a ò bá a sọ pé ọkọ́ ni, ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn wá, ó fọ́n ọn káàkiri, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po gbogbo ebè ti pupa bí ibi tí iná jó. Bàbá tó ní kí wọ́n fún òun níṣẹ́ ṣe yẹn dúró lórí ebè tiẹ̀, ó ní wọ́n tún ti pa á lẹ́ẹ̀kejì. Odindi ọdún kan ni oyin fi dín. Ẹ ro ó, ẹ fọwọ́ tu ú. Ẹ sì wú díẹ̀ nínú interlock yẹn, àwọn oyin kan wà tó jẹ́ inú ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí, wọn ò lè gbẹ́ sìmẹ́ńtì. Omi náà, àwo tí ò jìn, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ kí wọ́n ríbi bà lé, kẹ́ ẹ máa dà á nù lọ́jọ́ méjì méjì kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ìyá ọlọ́mọ pé oyin máa ta ọmọ wọn, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má gbé ilé oyin síbẹ̀, òdòdó tó. Lẹ́ẹ̀kan ọ̀wọ́ oyin kan wá so rọ̀ lára ọ̀kan nínú masquerade tree tó kù, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé kẹrosíìnì, a dí ibẹ̀ lọ́nà, a pe ẹni tó ń sin oyin, ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń wálé ni. Ọjọ́ kejì wọ́n ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ tún gba ti ẹbí tó nilẹ̀. Ilẹ̀ etí odò tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má kọ́lé sí mọ́ ni tiwa, síbẹ̀ bá a ṣe ṣán an tán báyìí ni ọmọ onílẹ̀ yọjú. Ẹ má sì gbin nǹkan iyebíye sí ìsàlẹ̀, omi máa padà wá. Koríko vetiver, tí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú, àti ọparun la fi sí tiwa.

Ìyá orí afárá ńkọ́? A ò yan ìyá sípò kankan. Ọyẹ́ kan la ṣáà rí i tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá, ó bomi sí ebè tiẹ̀, ó ṣẹ́kù, ó bomi sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí òun ló ń ṣe é, àwa tá a kù la wá ń bá a pọnmi. January tó kọjá, ọmọ kan fẹ́ já ewúro fún ìyá ẹ̀, ohùn ìyá ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Lọ já ti apá ọ̀hún. Fi ìyẹn sílẹ̀, wọn ò tíì jẹun tán."

Tẹ́ ẹ bá ń gba Ìbàdàn kọjá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, irúgbìn efinrin wà, pòpó akòko àti ti ewúro wà, ọ̀fẹ́ ni. Àpò ni kẹ́ ẹ mú wá o, tẹ́ ẹ bá dì í sínú náìlọ́ọ̀nù ó máa jẹrà kẹ́ ẹ tó délé.