Ìbò ló ń wá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń wá?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní olóṣèlú kan tó ń du ipò kọmíṣọ́nnà ní káúńtì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín, kọ̀wé pé òun fẹ́ wá kí ìjọ yín ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ẹ wá ń bi wá pé ṣé ó fẹ́ràn àwa adúláwọ̀ lóòótọ́ ni, àbí ìbò wa lásán ló ń wá. Ẹ tún ní ẹ̀rù ń bà yín láti gbé máìkì fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú kọmití ìgbàlejò ìjọ wa nítòsí Atlanta níbí, èmi náà sì ti kan ilẹ̀kùn kiri fún olùdíje rí. Ìbò ló ń wá. Kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń du ipò tí kò wá ìbò, kí ni kó máa wá? Ohun tó máa fi sílẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà yín ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Ẹni tó mọ dúnàádúrà ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni A. Philip Randolph, olórí ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ tó ń tọ́jú èrò inú rélùwéè. Lọ́dún 1941, ó sọ fún Ààrẹ Roosevelt pé òun máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ wọ Washington bí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ogun bá ṣì ń kọ̀ láti gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ní June 25, Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 8802, tó ka irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láwọn iléeṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ni Randolph tó ní kí wọ́n dá ìwọ́de náà dúró. Bóyá Roosevelt fẹ́ràn wọn tàbí kò fẹ́ràn wọn, kò sẹ́ni tó fìyẹn jókòó sípàdé.

Ẹ tún wo ti Kennedy, torí pé Atlanta níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní October 1960, wọ́n mú Martin Luther King níbi tí òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jókòó sí ilé ìtajà Rich's, tí kì í jẹ́ kí adúláwọ̀ jẹun pẹ̀lú òyìnbó. Wọ́n tú àwọn tó kù sílẹ̀, àmọ́ adájọ́ kan hú ẹ̀sùn ọkọ̀ wíwà àtijọ́ kan jáde, ó sì rán King lọ sẹ́wọ̀n Reidsville. John Kennedy, tó ń du ipò ààrẹ, tẹ Coretta ìyàwó King láago, tòun toyún nínú. Robert àbúrò rẹ̀ tẹ adájọ́ náà láago, wọ́n sì tú King sílẹ̀. Nixon, tó ń bá Kennedy du ipò náà, tó sì ti mọ King tẹ́lẹ̀, pa ẹnu mọ́. Bàbá King, tó ti fẹ́ dìbò fún Nixon, yí padà. Làwọn ọmọ ìpolongo Kennedy bá tẹ ìwé pélébé búlúù kan, wọ́n ń pín in lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn adúláwọ̀ ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ìdìbò. Ìbò tí Kennedy fi ju Nixon lọ jákèjádò Amẹ́ríkà kò tó 120,000.

Ṣé àánú Coretta ló ṣe é, àbí ó ti ṣírò ìbò? Méjèèjì lè wà nínú ọkàn èèyàn kan náà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Kennedy ti ní ìfọwọ́sí kan ṣoṣo báyìí ló máa fòpin sí ẹ̀tanú nínú àwọn ilé tí owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wọlé tán, kò rí bíírò. Inú bí àwọn aráàlú débi pé wọ́n ń fi bíírò ránṣẹ́ sí i ní White House. November 1962 ló tó fọwọ́ sí i.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fura sí ni pé olóṣèlú lè kọjú sí wa, kó jẹ́ pé àwọn mìíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1992, Bill Clinton, tó ń du ipò ààrẹ, lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ Jesse Jackson, àgbà adúláwọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́, ó dé ibẹ̀ tán, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Sister Souljah, akọrin ráàpù tí wọ́n ti gbà lálejò níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé, tí ń bẹ̀rù pé ó ti sún mọ́ Jackson jù, lọ̀rọ̀ yẹn wà fún. Ní 2016, Trump bi àwọn adúláwọ̀ pé kí ni wọ́n ní tí wọ́n máa pàdánù. Dimondale ní Michigan ló ti sọ ọ́, òyìnbó ló sì pọ̀ jù níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì, ti Clinton àti ti Trump, ló ń ṣe é, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Olùdíje kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, fẹ́ wá sí ìjọ wa. Ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ wá, ó bi mí ní iye èèyàn tó ń wá sí ìsìn, iye tó ti di ọmọ onílùú nínú wọn, àti ibi tí oníkámẹ́rà máa dúró sí. Kò béèrè ohun tó ń dùn wá. Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ dé fìlà wọlé. Ó mú pépà kékeré kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ orúkọ Pásítọ̀ wa sí, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, Ah-deh-BAH-yoh, kó lè pè é. Ó pè é dáadáa. Ariwo sọ, àwọn màmá dìde, ẹni kan tiẹ̀ kígbe pé ọmọ wa ni! A ní kó bá wa wá iná tráfíìkì sí oríta iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọkọ̀ ti ń kọlu ara wọn. Ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ó ya fọ́tò, ó lọ.

Nígbà tó ṣe, òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú ìwé ìpolongo kan wá tí wọ́n jù sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Fọ́tò ìjọ wa ló wà lára rẹ̀ gàdàgbà, àwọn màmá wa nínú gèlè. Kò sẹ́ni tó rí ìwé yẹn gbà ládùúgbò tiwa. Àdúgbò tí kò sí adúláwọ̀ ni wọ́n pín in sí.

Àwọn ará wa kan á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kò kàn wá, àwa wá ṣiṣẹ́ ni. Ilé aṣòfin kan náà tó ṣòfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ní August 1965 ló ṣòfin ìwọ̀lú tí ààrẹ fọwọ́ sí ní October ọdún yẹn, ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà wọlé. Yàtọ̀ síyẹn, nínú ìwé orúkọ tí wọ́n máa ń kó lé wa lọ́wọ́ láti fi kan ilẹ̀kùn, adúláwọ̀ ni wọ́n kọ síwájú orúkọ gbogbo wa. Kò síbi tí wọ́n kọ Ìjẹ̀bú sí.

Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ yín jẹ́ ohun tó wà níkàáwọ́ ipò tó ń dù. Ní February 2020, nígbà tí ẹgbẹ́ Biden ń dìbò yan ẹni tó máa du ipò ààrẹ, Biden ti fìdí rẹmi ní Iowa, New Hampshire àti Nevada. Jim Clyburn, aṣòfin adúláwọ̀ láti South Carolina, ní kó kéde pé òun máa yan obìnrin adúláwọ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Biden sọ ọ́ lórí ìtàgé ìjíròrò ní Charleston, Clyburn tì í lẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, ó sì wọlé níbẹ̀. Ní April 2022, àwọn sẹ́nétọ̀ fi ìbò 53 sí 47 gba Ketanji Brown Jackson wọlé. Àmọ́ òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tuntun tí wọ́n jọ ń ṣèlérí rẹ̀ kú sílé aṣòfin ní January ọdún kan náà. Yíyan adájọ́, ọwọ́ ààrẹ ló wà. Òfin ńkọ́? Èyí nílò ìbò 60 lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ kó tó kọjá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ kọ̀wé sí i ṣáájú Sọ́ńdè, kẹ́ ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo, ọjọ́ tó máa ṣe é, àti orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ máa pè. Ní ti máìkì tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó o, kí Pásítọ̀ má sì sọ ẹni tí ìjọ máa dìbò fún. Bí alátakò rẹ̀ náà bá kọ̀wé, ìṣẹ́jú mẹ́ta kan náà ni. Alátakò tó wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn kò mú oníkámẹ́rà dání, kò sì wọlé ìbò, òun ló sì sọ fún wa pé títì ìpínlẹ̀ ni títì iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti káúńtì kọ́, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ ló yẹ ká kọ̀wé sí. Ẹni tó mi orí fún wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ lọ wádìí ẹni tó ni títì.