Bọ́ọ̀lù Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kanlẹ̀, Wọ́n Tún Ní Strike Ni?

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù níbí ní Houston. Ní Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí catcher (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá a) tó gbá a mú, ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, sì ní strike ni, pé bọ́ọ̀lù tó yẹ kọ́mọ mi gbá ni. Ó pé mẹ́ta, ọmọ mi jáde. Ṣé wọn ò rẹ́ ẹ jẹ báyìí? — Bàbá Fẹ́mi

ÌDÁHÙN: Bàbá Fẹ́mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ọ́ńpáyà fáwọn ọmọdé, ohùn àwọn bàbá tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kò ṣàjèjì sí mi. Níbo lẹ jókòó sí? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ẹ ò lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù gba orí home plate, rọ́bà funfun tó wà nílẹ̀ níwájú catcher, kọjá.

Ibi tí catcher ti mú un kọ́ là ń wò. Rọ́bà funfun ilẹ̀ yẹn fẹ̀ tó íǹṣì 17. Lókè rẹ̀ la ti ń fojú inú wo fèrèsé kan, láti kòtò abẹ́ orúnkún ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù títí dé agbedeméjì èjìká àti ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ nígbà tó múra àtigbá a. Kí etí bọ́ọ̀lù ṣáà ti kan fèrèsé yẹn, strike ni. Curveball, bọ́ọ̀lù tó máa ń tẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, lè gba iwájú plate kọjá ní orúnkún, kó sì bọ́ sọ́wọ́ catcher ní kókósẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló mú Fẹ́mi.

Àwọn catcher náà kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Wọ́n á mú bọ́ọ̀lù níta, wọ́n á rọra fà á wọlé, bí ẹni pé ibẹ̀ ló gbà wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dúró sí àlàfo àárín catcher àti ẹni tó fẹ́ gbá a, tí orí mi kì í mì, tí n kì í sì í yára lanu.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ MLB, líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ń ju bọ́ọ̀lù tó ń sá máìlì 95 ní wákàtí kan. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń dé. Láti ọdún 2026, pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), catcher tàbí ẹni tó ń gbá a lè fọwọ́ kan fìlà pé kí kámẹ́rà dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Bí wọ́n bá jàre, kò dín. Kóòṣì ò láṣẹ ẹ̀.

Ojú èèyàn ṣì là ń lò ní pápá tàwọn ọmọ wa. Ẹ sọ fún Fẹ́mi pé tó bá ti ní strike méjì, kó gbá ohunkóhun tó bá sún mọ́ orúnkún. Ẹ̀yin náà, ẹ wá dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ní Sátidé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ wò ó láti ibi témi náà ti ń wò ó.