Dókítà àhásórí

Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mò ń múra ìdánwò èdè Gíríìkì, ìpele B1, ìyẹn ìpele àárín. Wọ́n lè bi mí ní ohun tí mo fẹ́ kà àti iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe. Tíṣà mi kọ ọ́ fún mi pé dókítà ni mo fẹ́ dà, mo sì ti há a sórí. Àmọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ló wù mí. Gàrí ni màmá mi ń tà l'Ókè-Ajé. Ṣé kí n yí i padà?
Ọmọ Onígàrí

Yí i padà lónìí, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bi dókítà àhásórí pé yiatí, ìyẹn “kí ló dé?”, ẹnu ẹ̀ á wọhò. Ìwọ ní èsì: o mọ ìdí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ń kan.

Thélo na spoudáso, “mo fẹ́ kàwé ní yunifásítì”, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan ẹ̀gbọ́n ẹ, ó di thélei na spoudásei. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ló yí yẹn o! Ibẹ̀ gan-an la ti ń kọsẹ̀, torí tiwa kì í yí. Tha ti ọjọ́ iwájú ò yọni lẹ́nu, kì í yí rárá.

Fi “bí” kún un: An peráso, tha páo sti Thessaloníki, “bí mo bá yege, màá lọ sí Thessaloniki.” Yunifásítì Aristotle tó wà níbẹ̀ ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Àgọ́-Ìwòyè lo fẹ́ lọ, sọ bẹ́ẹ̀. Èdè ni wọ́n ń máàkì, wọn ò ní tẹ̀ lé ẹ délé lọ wò ó.